Fèrèsé Tí Mo Yà fún Bonbiral

Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Òkúdù

Òjò wọlé lónìí, ó fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko pẹ́. Tirthankar wọlé tẹ̀lé e, ó mú bàtà lọ́wọ́, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni olóòtú tuntun ìwé ọmọdé wa yìí, ó sì mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ó jẹ muri mi, ìrẹsì yíyan, tán kó tó sọ ohun tó bá wá. Bonbiral, olè inú ìtàn aláwòrán wa, pé àádọ́ta ọdún lọ́dún yìí. Wọ́n fẹ́ kí n ya ìtàn tuntun kan, ogún ojú ìwé, fún àkànṣe ìwé ọdún Puja, kí wọ́n sì tẹ ìtàn àkọ́kọ́ síwájú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe jáde ní 1972.

Mo ní ta ló tún ń rántí Bonbiral. Ó ní bàbá òun gé àwòrán rẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri títí ìyàwó fi wọlé. Mo ní ó ti tó ọdún mẹ́tàlá tí a ti sin ín. Ó ní, "Àǹtí, olè kì í kú, ó máa ń sá pamọ́ ni." Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló kó mi sí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le rèé. Ìtàn àkọ́kọ́ tó wà lọ́fíìsì ni èyí tí a tún tẹ̀ ní 1984, tí fèrèsé wà lójú ìwé kọkànlá rẹ̀. Ikán ti jẹ gbogbo èyí tó ṣáájú. Ojúlówó àwòrán tí kò ní fèrèsé, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n mi ló wà, nítorí òun ló dá Bonbiral sílẹ̀. Èmi ni mo ya fèrèsé sí ti 1984. Láti ọjọ́ náà, ọdún méjìdínlógójì, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu, à ń sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru àti iye tí wọ́n ń ta ẹja, ṣùgbọ́n kò dárúkọ Bonbiral sí mi létí mọ́. Mo fẹ́ kó dárúkọ rẹ̀ kí ọ̀kan nínú wa tó kú. Ìdí tí mo fi gba iṣẹ́ náà nìyẹn, n kò sì sọ ọ́ fún Tirthankar.

Gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ilé ìtẹ̀wé ṣáájú ọjọ́ Bishwokarma, òrìṣà àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, nítorí lọ́jọ́ yẹn kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù Òkúdù

Mo tẹ́ gbogbo Bonbiral sórí bẹ́ẹ̀dì, láti orí dé ìdí, mo dúró tì wọ́n. Bí ẹ kò bá sọ fún mi pé ẹnì kan náà ni, n kò ní gbà.

Ti 1972 rù kan egungun. Imú rẹ̀ wọ́, eyín rẹ̀ dọ̀tí. Ìgbà yẹn là ń tò fún kẹrosíìnì láti àárọ̀, tí àwọn olówó ń kó ìrẹsì pamọ́ kó lè wọ́n. Ó fọ́ sítọ̀ọ̀ ìrẹsì, ó ti ọlọ́dẹ ibẹ̀ mọ́lé kó má bàa pariwo, ó sì gbé àpò ìrẹsì lọ fún àwọn tí ebi ń pa. Iná sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ojú ìwé kọkànlá nìyẹn: ògiri, èéfín, àti ọwọ́ kan lábẹ́ ilẹ̀kùn. Bonbiral kò padà. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Èmi ni mo máa ń bá Ẹ̀gbọ́n fi íǹkì kun gbogbo ibi tó bá dúdú nígbà náà, ọmọ ọdún méjìlá ni mí, ṣùgbọ́n ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá mi dùbúlẹ̀ sílé àbúrò ìyá mi ní Krishnanagar ní gbogbo oṣù tó ya èyí.

Ní 1984, àwọn òbí àti olùkọ́ kọ lẹ́tà pé à ń fi apànìyàn kọ́ ọmọ àwọn. Olóòtú ìgbà náà ní kí Ẹ̀gbọ́n jẹ́ kí ọlọ́dẹ jáde. Ẹ̀gbọ́n kọ̀. Olóòtú wá yíjú sí mi. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, mo ya fèrèsé kékeré kan, mo ya ẹsẹ̀ ènìyàn tó ń gbabẹ̀ jáde. Kò gbà mí ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Láti ìgbà náà Bonbiral ń fọ eyín, ó ra ajá, ó ń dá pọ́ọ̀sì padà fún ẹni tó ni ín. Ẹ̀gbọ́n fi wá sílẹ̀, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé bí wọ́n ṣe ń ya ìkòkò.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n gbòde, ẹlòmíràn ló ń yà á, èmi ń fi íǹkì tọ̀ ọ́. Àyà rẹ̀ wú bíi búrẹ́dì. Ó gbé ìbọn méjì dání, ó ń pa ènìyàn mẹ́wàá lójú ìwé kan ṣoṣo, òbí kan kò sì kọ lẹ́tà. Ó yà mí lẹ́nu nígbà náà, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ó di aláwàdà, ó ń polówó fóònù lẹ́yìn ìwé. Ní 2009 a dákẹ́ lórí rẹ̀.

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi náà wà lára àwọn tó pàtẹ.

Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Òkúdù

Ẹja ilish ti di ẹgbẹ̀rún kan àti igba rúpì fún kílò kan. Mo wò ó, ó wò mí, mo ra ẹyin.

Ọjọ́ kẹta, oṣù Agẹmọ

Mo wọkọ̀ ojú irin lọ bá Ẹ̀gbọ́n ní Uttarpara. Màmá Tutul, ìyàwó rẹ̀, se khichuri, ìrẹsì àti ẹ̀wà àsèpọ̀, nítorí òjò, ó sì dín ìgbá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. A jẹun dáadáa. Mo dúró títí Ẹ̀gbọ́n fi ṣan ẹnu tán, mo wá sọ ohun tó gbé mi wá: ojú ìwé kọkànlá, mo kàn fẹ́ yá a ni, màá dá a padà.

Ó ń fi aṣọ nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó nù ún pẹ́. Ó wá ní ṣé wọn ò ní fèrèsé ni. Mo ní wọ́n ní in. Ó ní, "Kí wọ́n máa lò ó nígbà náà. Fèrèsé tó ti gba atẹ́gùn fún ogójì ọdún, kò ní kọ̀ láti gbà á lọ́dún yìí." Ó bọ́ sẹ́yìn ilé lọ wo òdòdó rẹ̀, nínú òjò.

Màmá Tutul di ìgbá tó kù fún mi. Ó ní kí n má bínú, pé bí mo ṣe mọ ọkọ òun ni mo ṣe bá a. Mo ní n kò bínú. Irọ́ ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Agẹmọ

Mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn tuntun láìsí ojú ìwé Ẹ̀gbọ́n. Bonbiral ti darúgbó nínú rẹ̀. Mo fún un ní orúnkún tèmi: bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn nínú ìwé ni mo ṣe ń gun tèmi, ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ kejì. Ó wọkọ̀ ojú irin lọ sí Bihar, nítorí ibẹ̀ làwọn ọlọ́dẹ ìgbà yẹn ti ń wá, láti wá ìyàwó ọkùnrin tó jóná. Mo ti pinnu pé ó jóná. Nínú ìtàn tèmi, kò sí fèrèsé kankan.

Mo ya imú rẹ̀ ní wíwọ́ bíi ti àtijọ́. Inú mi dùn sí imú yẹn ní gbogbo ọjọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Agẹmọ

Iná lọ fún wákàtí mẹ́rin. Òógùn mi kán sí ojú ìwé kẹta, mo sọ ọ́ di kòtò omi.

Ọjọ́ kejì, oṣù Ògún

Tirthankar wá wo ojú ìwé mẹ́sàn-án tó ti parí. Ó yìn mí, mo sì mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀ lẹ́yìn ìyìn. Ó fẹ́ kí obìnrin náà dárí ji Bonbiral lójú ìwé ogún, kó bu tíì fún un, kí wọ́n jókòó papọ̀ bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Ó ní àwọn òǹkàwé máa sunkún.

Mo bi í pé kí ni obìnrin náà jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò yé e. Mo ní ó ti di opó láti àádọ́ta ọdún, ẹni tó sọ ọ́ di opó wá kanlẹ̀kùn, òun náà ni kó tún lọ dáná tíì? Tirthankar ní ayé ìsinsìnyí fẹ́ ìwòsàn. Mo ní kó lọ sí ọsibítù. A jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà, èmi náà kò yí tèmi.

Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Ògún

Omi kún àdúgbò wa dé ìbàdí. Mo gbé gbogbo iṣẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, èmi sùn sórí tábìlì. Ní ọjọ́ orí mi.

Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù Ògún

Ojú ìwé mọ́kàndínlógún ti parí. Ti ogún ni mo há sí. Obìnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà, Bonbiral dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó ti ká fìlà rẹ̀ mọ́ ọwọ́. Obìnrin náà bi í pé, "Ẹni tó o ní o pa, kí lorúkọ ẹ̀?" Lókè orí Bonbiral, róbótó funfun tí à ń kọ ọ̀rọ̀ sí wà níbẹ̀, òfìfo.

Olè yìí kò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kò fún ọlọ́dẹ náà lórúkọ, èmi kò fún un, ẹni tó ya oníbọn kò fún un. Àádọ́ta ọdún, ìtàn mẹ́rìnlélọ́gọ́fà. Mo ti kọ orúkọ mẹ́fà síbẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, mo ti pa gbogbo wọn rẹ́. Aṣọ àyálò ni gbogbo wọn, kò sí èyí tó bá a mu. Bébà ibẹ̀ ti ń fẹ́lẹ́ bíi awọ àlùbọ́sà.

Tirthankar tẹ̀ mí láago lẹ́ẹ̀mejì. N kò gbé e.

Ọjọ́ kẹfà, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ọjọ́ yìí gùn, màá kọ ọ́ bó ṣe rí.

Màmá Tutul pè mí láàárọ̀. Òrùlé ti jò sínú kọ́bọ́ọ̀dù Ẹ̀gbọ́n láìsí ẹni tó mọ̀. "Ó jókòó sílẹ̀ sáàárín bébà, kò jẹun," ó ní. "Wá bá mi gbé e dìde, tìẹ ló máa gbọ́." N kò mọ ìgbà tó gbọ́ tèmi rí, ṣùgbọ́n mo lọ.

A tẹ́ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, sórí àga, sílẹ̀, a tan fáànù sí wọn jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ń na èyí tó bá súnkì. Lọ́wọ́ ọ̀sán, bébà tí mo gbé ni ojú ìwé kọkànlá.

Ọ̀dà funfun wà tí a fi ń bo àṣìṣe. Bó bá gbó tí ọ̀rinrin mú un, á sán, á sì máa re. Ó re sí aṣọ mi bí mo ṣe gbé bébà náà sókè, èèpá funfun kéékèèké. Mo fẹ́ gbọn ọ́n dànù kí n tó rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ní apá òsì ògiri, ibi tí mo fi tèmi sí gan-an, fèrèsé kékeré wà. Íǹkì Ẹ̀gbọ́n ni, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ni. Ẹsẹ̀ ènìyàn ń gbabẹ̀ jáde.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Inú bí mi ná, mi ò ní parọ́. Ọdún méjìdínlógójì tó fi ń wò mí bí ẹni tó ta ọmọ rẹ̀. Mo gbé bébà náà síwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lèyí?"

Ó wò ó. "Fèrèsé ni."

"Ta ló yà á?"

"Èmi ni. Àbí ìwọ nìkan lo rò pé o láàánú nílé wa?"

Ó ní kí n jókòó. Kò sí ibi tí bébà kò sí, mo jókòó sórí àpótí. Ó wá sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan, ohùn rẹ̀ kò sókè, kò sì wálẹ̀. Ó ní sítọ̀ọ̀ ìrẹsì kan wà létí odò àfọwọ́gbẹ́ lẹ́yìn ilé wa àtijọ́. Mo rántí ògiri rẹ̀. Ọkùnrin ará Bihar kan ló ń ṣọ́ ọ, ó máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ fún Ẹ̀gbọ́n kó lè ráyè ya àwòrán, ó sì máa ń fún un ní sattu, ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, pẹ̀lú àlùbọ́sà tútù. Ẹni tó ni sítọ̀ọ̀ kò fọkàn tán an. Bílẹ̀ bá ti ṣú, á ti í mọ́lé láti ìta, á mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, kí ọlọ́dẹ má bàa ta ìrẹsì rẹ̀. Wáyà iná jó ní oṣù tí mo fi wà ní Krishnanagar. Gbogbo àdúgbò gbọ́ bó ṣe ń lu ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n wà lára àwọn tó ń bu omi. Ilé yẹn kò ní fèrèsé kankan. Ọ̀gá rẹ̀ ní sìgá ló ń mu, ọlọ́pàá kọ sìgá sílẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n jókòó láti ya ojú ìwé náà, ó ní ọwọ́ òun ya fèrèsé láìbi òun. Ó wò ó fún ọjọ́ méjì, ó wá fi ọ̀dà bò ó.

Mo bi í kí ló dé tó bò ó, nígbà tí àánú ti ṣe é.

"Ẹnikẹ́ni ò dáhùn fún un, Khuku," ó ní, ó fi orúkọ ilé pè mí. "Ọ̀gá ẹ̀ ò dáhùn, ọlọ́pàá ò dáhùn. Àwa tá a gbọ́ ọ náà, a lọ sùn. Mo ní ó dáa, Bonbiral á dáhùn. Ọmọ tèmi ni, màá di ẹ̀bi yẹn lé e lórí, á máa gbé e kiri títí ayé. Ìwọ wá sọ ọ́ kalẹ̀ fún un."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"O ò béèrè. O ti yà á tán kó o tó wá sílé."

Òótọ́ ni. Mo ti gba owó rẹ̀, mo ti ra sálúbàtà kan. Mo sọ fún un pé mo kábàámọ̀. N kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un rí láyé wa. Ó ní kí n gbé bébà náà kúrò níbi fáànù, kí ìyókù ọ̀dà má bàa re. Mo bi í lórúkọ ọkùnrin náà. Kò ronú rárá, ó sọ ọ́ kíá, bí ẹni tí wọ́n bi ní orúkọ ara rẹ̀: Budhan Mahato.

Ó jẹun nírọ̀lẹ́. Mo gbé ojú ìwé kọkànlá bọ inú ọ̀rá, mo gbé e mọ́ àyà wọkọ̀ ojú irin. Mo ti dé ibùdókọ̀ Belur kí n tó rántí pé ó dárúkọ Bonbiral. Mo sunkún díẹ̀ lójú àwọn ènìyàn. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sún fún mi kí n lè jókòó.

Ọjọ́ keje, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Mo kọ orúkọ náà sínú róbótó. Ó gba àyè ibẹ̀ dọ́gba.

Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Tirthankar wá fi ẹ̀rọ ya ojú ìwé kọkànlá. Fèrèsé Ẹ̀gbọ́n hàn fírífírí lábẹ́ ọ̀dà. Ó ní kí n má dààmú, kọ̀ǹpútà á pa á rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, èmi pẹ̀lú rẹ̀ ni. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà: fèrèsé tí a fẹ́, àti ọ̀dà tí a fi bò ó. Mo sọ ìdí rẹ̀ fún un, gbogbo rẹ̀ pátá.

Ó ka ojú ìwé ogún lẹ́ẹ̀mejì. Bonbiral dárúkọ Budhan Mahato. Obìnrin náà ní, "Mo ti mọ̀ pé ẹnì kan á wá. O pẹ́." Ó wọlé, Bonbiral ṣì dúró nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn.

"Àǹtí, ṣé ó máa dárí jì í?"

"Mi ò mọ̀. Bébà ti tán."

Kò dárúkọ tíì mọ́.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Ó ti dé ilé ìtẹ̀wé. Mo sùn láti ọ̀sán.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Bishwokarma. Mo fọ búrọ́ọ̀ṣì àti pẹ́ẹ̀nì mi, mo kó wọn síwájú òrìṣà, mo fi òdòdó lé wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò ń fi òwú ta bébà aláwọ̀ mèremère sójú ọ̀run láti orí òrùlé, wọ́n ń já ti ara wọn. N kò ṣe ohunkóhun, ó sì dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ kẹẹ̀dọ́gbọ̀n, oṣù Ọwẹ́wẹ̀

Mahalaya, ọjọ́ ìrántí àwọn òkú. Mo sun Uttarpara mọ́jú. Ìwé náà jáde lónìí, Tirthankar ti fi mẹ́ta ránṣẹ́ lánàá. Ẹ̀gbọ́n ti kà á. Ó ní imú yẹn dára.

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, a rìn lọ sí etí odò, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń dúró nínú omi tí wọ́n ń bu omi fún àwọn bàbá wọn tó ti kú, tí wọ́n ń pè wọ́n lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdọọdún ni Ẹ̀gbọ́n ń ṣe é. Màmá Tutul sọ fún mi lójú ọ̀nà pé lẹ́yìn orúkọ bàbá wa àti ti bàbá àgbà, ó máa ń pe ẹnì kan tí òun kò mọ̀, pé òun rò pé olùkọ́ rẹ̀ ni. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí n kì í bá wọn lọ.

Orúnkún Ẹ̀gbọ́n kò gbà á lọ́dún yìí. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn mẹ́ta, ẹrẹ̀ ń yọ̀, ó dúró. Ó wo omi, ó wò mí. Ó ní, "Khuku, ìwọ lọ."

Àlùfáà kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ obìnrin nínú omi, ṣùgbọ́n èrò pọ̀, kò ráyè jà. Ó kọ́kọ́ ka ti bàbá wa, mo tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ti bàbá àgbà. Omi tutù, ó dé ìbàdí mi. Mo ní ó ku ẹnì kan. Ó bi mí bó ṣe jẹ́ sí wa. Ẹ̀gbọ́n dáhùn látorí àtẹ̀gùn pé ará ilé ni.

Mo bu omi sí àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo rọra sọ pé Budhan Mahato, mo dà á sílẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè," Ẹ̀gbọ́n ní lẹ́yìn mi. "Ibi tó wà jìnnà."

Mo bu omi míì. Mo pè é sókè.